Àǹtí tí ọmọ mi ń sọ Yorùbá fún

Mò ń jowú tíṣà kan, inú mi ò sì tíì rọ̀ bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ilé ìwé ọmọ mi níbí ní Sabon Gari, Kano, ní kíláàsì kan tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ nípa ọ̀rẹ́ àti ohun tó ń dùn wọ́n lọ́kàn. Wọ́n ní kí òbí wá wò ó lónìí.

Bísọ́lá mi ti pé ọdún mẹ́rìnlá. Tí mo bá bi í nílé pé kí ló dé, "ba komai" ló máa sọ, pé kò sí nǹkan kan, á sì wọ yàrá lọ.

Mo débẹ̀, mo bá a lọ́dọ̀ Àǹtí tó ń darí wọn. Yorùbá ni Bísọ́lá ń sọ fún un. Ó ń wá ọ̀rọ̀, ó ń ṣì í sọ, síbẹ̀ kò dákẹ́. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ti pa òun tì. Èmi tí mo bí i ò mọ̀.

Bá a ṣe ń bọ̀ ní Enugu Road, mo ní, "Ṣé Àǹtí yẹn nìkan lo lè sọ Yorùbá fún ni?"

Ó ní, "Mummy, Aunty no dey laugh me."



Nírọ̀lẹ́ yìí, ó wá bá mi ní kíṣìnì. "Mummy, ọ̀rẹ́ mi yẹn, òun ti ṣe sọ̀rọ̀..."

Mo gbé ẹ̀rín mì. Bàbá rẹ̀ ló bú sẹ́rìn-ín ní pálọ̀.

"Ba komai," ló wí, ó sì wọ yàrá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ sí Kano, kí ni kí n ṣe? Àǹtí ló máa gbọ́ ìyókù.