Aṣa Mi Kì Í Ṣe Adìyẹ Ẹbọ

Mo fẹ́ kí ó wà ní àkọsílẹ̀ pé ohun tí mo rà ní Toll Gate ní Ṣàngó lọ́jọ́ Sátidé yẹn, adìyẹ ni. Kì í ṣe ẹbọ. Kì í ṣe oògùn owó. Adìyẹ tó ń jẹ àgbàdo, tó ń yàgbẹ́, tó sì ń yé ẹyin. Ṣùgbọ́n nítorí pé ìyẹ́ ara rẹ̀ kò sùn sílẹ̀, tó ká sókè sẹ́yìn bí irun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, mo fi odidi oṣù méjì wẹ ara mi mọ́ lójú àwọn tí èmi pẹ̀lú wọn jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà.

Aṣa là ń pe irú adìyẹ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi sìn wọ́n títí ó fi kú. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé ìjì ló bá wọn jà. Ìyá àgbà máa ń sọ pé ooru kì í pa aṣa, nítorí pé atẹ́gùn ń ráyè dé ara rẹ̀. Mo lọ yunifásítì, mo fi ọdún márùn-ún kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹran ọ̀sìn, olùkọ́ wa sì fi wákàtí méjì ṣàlàyé ohun tí ìyá àgbà fi gbólóhùn kan sọ. Ìwé ẹ̀rí náà wà lára ògiri yàrá mi ní Joju. Iṣẹ́ tó bá mi rí ni kí n máa wo ìdérí ike ní ilé iṣẹ́ kan ní Ṣàngó, kí n máa ṣa èyí tó wọ́ kúrò lára èyí tó gún. Nítorí náà, bí nǹkan bá wọ́, mo máa ń mọ̀.

Lọ́dún tó ṣáájú, mo sin adìyẹ àgíríìkì méjìlá. Ooru pa mọ́kànlá nínú wọn. Ìkejìlá, èmi ni mo pa á kí ooru tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé aṣa ni mo máa sìn, kí ìran àwọn adìyẹ ìyá àgbà má baà parẹ́ lójú mi.

Ìgbà mọ́kànlá ni mo béèrè aṣa lọ́wọ́ àwọn aládìyẹ kí n tó rí i. Mo kà á. Ìgbà mọ́kànlá náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn: ta ló ní kí n mú un wá? Obìnrin tó wá tà á fún mi ní Toll Gate wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Pupa ni wọ́n ní kẹ́ ẹ mú wá, àbí funfun?”

Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́, pé mo fẹ́ sìn ín ni.

“Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn, ọ̀gá mi. Mi ò bi yín léèrè ọ̀rọ̀ ilé yín.”

Mo bi í pé ọmọ oṣù mélòó ni adìyẹ náà, pé ṣé ó ti ń yé. Ó wò mí bí ẹni tó ń béèrè ọjọ́ orí igi ìdáná. Ó ní kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ orí ṣe, ṣé ó máa pẹ́ lọ́wọ́ mi ni? Lẹ́yìn náà ló di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tì í bọ inú ọ̀rá dúdú, ó yọ orí rẹ̀ síta kó lè mí, ó wá fún mi ní ìmọ̀ràn tí mi ò bẹ̀ ẹ́ fún: kí n má kí ẹnikẹ́ni lọ́nà, bí wọ́n bá sì kí mi, kí n má dáhùn.

Bí inú bá ń bí mi, mi ò kì í pariwo. Ṣe ni mo máa ń pa ẹnu dé, kí n máa to ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ mí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú orí mi. Mo gun ọ̀kadà láti Toll Gate, nígbà tí mo sì fi máa sọ̀ kalẹ̀ ní Joju, mo ti tò ó dé ìkarùn-ún. Lánlọ́ọ̀dù jókòó sí iwájú ilé. Ó ní, “Ẹ káàbọ̀ o.” Ìkẹfà ni mo wà. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì, tó sì jẹ́ olórí àwọn obìnrin aládùúrà, yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, “Bọ̀dá yunifásítì, ẹ káàbọ̀.” Ìkeje. Mo kọjá lára àwọn méjèèjì láìsọ ọ̀rọ̀ kan, ojú mi le, orí aṣa sì ń yọ gọgọ látinú ọ̀rá dúdú.

Ọmọ ọdún mẹ́fà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé ẹni tó bá gbé ẹbọ dání kì í dáhùn ìkíni. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tó yẹ kí n rántí ni mo gbàgbé.

Adìyẹ kan ṣoṣo kì í dá bímọ, nítorí náà mo wá akọ lọ. Ìyá arúgbó kan wà ní Ọ̀tà, ọmọ bíbí ìlú náà, tí aṣa àkùkọ kan ń yan fanda lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Mo gbé adìyẹ mi lọ, mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n jọ gbé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ̀. Àkùkọ mìíràn ló fà jáde, èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ sùn sílẹ̀ bí ti adìyẹ gbogbo ayé.

Ó ní, “Aṣa kì í fẹ́ aṣa. Bẹ́ ẹ bá so wọ́n pọ̀, nínú ọmọ wọn, òmíràn á wà níhòòhò.”

Mo ti la ẹnu láti ṣàlàyé fún un nígbà tí mo rántí pé ohun tó sọ yẹn gan-an ni wọ́n fi dán wa wò ní ọdún kẹta, àti pé mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀. Mo bi í léèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ó ní ojú òun ni. Ó ní kí n fi aṣa mi sọ́dọ̀ akọ lásán, ìdajì ọmọ rẹ̀ á ká, ìdajì á sùn sílẹ̀. Inú bí mi, nítorí pé òótọ́ ni.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo gbé adìyẹ mi padà sílé. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé láti ọjọ́ tó ti kúrò nílé ni gbogbo ilé ti gbà pé mo ti lọ gbé ẹbọ náà síbi tí wọ́n rán mi. Wọ́n ti ń gbìyànjú láti gbàgbé. Ni wọ́n bá tún rí i lówùúrọ̀, tó ń tan ilẹ̀ lẹ́bàá kànga. Ẹbọ tó lọ, tó tún padà wálé. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aṣa kò bá wọn dá sí i. Ẹyin mẹ́sàn-án ló yé sínú apẹ̀rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé mi, ló bá sàba lé wọn. Ọjọ́ kejì ni lánlọ́ọ̀dù pè mí sí pálọ̀. Ó fún mi ní omi tútù, ó sì fi sùúrù sọ pé ohun tó bá ń lọ tó ń bọ̀ báyẹn kò lè gbé inú ilé òun. Kó kúrò kí oṣù tó parí. Mo ka ọjọ́ lórí ìka. Ọjọ́ kejì oṣù tuntun ni ẹyin yẹn máa pa. Bí mo bá gbé ìyá wọn kúrò lórí wọn, gbogbo wọn ti kú nìyẹn.

Mo kọ lẹ́tà. Ìpínrọ̀ mẹ́rìnlá, ojú ìwé méjì, pẹ̀lú àwòrán ìyẹ́ aṣa lẹ́yìn rẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù kà á tán pátápátá, ìyẹn ni mo máa yìn ín fún.

Ó ní, “Lẹ́tà yín dára. Gẹ̀ẹ́sì inú rẹ̀ dán. Ṣùgbọ́n kí adìyẹ náà lọ.”

Ìyàwó rẹ̀ ló dá sí i. Wọ́n ní àwọn máa gbàdúrà sí i, pé bí àdúrà bá ti wọ̀ ọ́, kó máa gbé. Mo gbà, mo sì sọ ọ́ yékéyéké pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ẹyin. Ọjọ́ Túsìdé ni mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo padà dé, kí n tó dé ìdí fèrèsé ni òórùn òróró ìyàsímímọ́ ti pàdé mi. Nínú ẹyin mẹ́sàn-án, méje ń dán bí bàtà tuntun. Méjì tó wà lábẹ́ àyà ìyá wọn nìkan ni ọwọ́ kò dé.

Mo lọ bá díákónẹ́ẹ̀sì. Mo ní, “Mà, ẹyin ń mí. Ihò wẹ́wẹ́ wà lára èèpo rẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Òróró ti dí gbogbo rẹ̀.”

Wọ́n wò mí tàánútàánú. “Ẹyin ń mí. Ohun tí wọ́n fi ọdún márùn-ún kọ́ yín nìyẹn?” Wọ́n na ọwọ́ ọ̀tún tí wọ́n lẹ pílásítà mọ́ sí mi. “Adìyẹ tó bá mọ́ kì í ṣá èèyàn nígbà àdúrà.”

Síbẹ̀ wọ́n lọ sọ fún ọkọ wọn pé àdúrà ti gbà, kí adìyẹ máa gbé. Bí mo ṣe gba ilé fún aṣa mi nìyẹn, tí mo fi ọmọ méje san án. Mo fi aṣọ gbígbẹ nu àwọn ẹyin yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo gbé wọn wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ mi, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí wọn. Iṣan pupa tí mo rí tó ń mì lára gbogbo wọn kí òróró tó dé ti dákẹ́ lára méje. Méjì ṣì ń mira.

Méjì náà ló pa. Díákónẹ́ẹ̀sì pàtẹ́wọ́, wọ́n ní àdúrà wọn ló mú un ṣeé ṣe. Mo fọ́ ọ̀kan nínú méje yòókù lójú wọn, kí wọ́n rí ohun tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ ìdí.

Irun ara òròmọdìyẹ kì í ká lọ́jọ́ tó bá jáde látinú ẹyin. Ìgbà tí ìyẹ́ apá bá yọ ni èèyàn tó lè mọ̀. Nítorí náà ni gbogbo ilé ṣe ń sọ pé àwọn ọmọ ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń ṣe ìyá wọn, tí èmi sì ń kúnlẹ̀ láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo ń yẹ apá òròmọdìyẹ wò bí ẹni ń yẹ ìdérí ike wò. Iṣẹ́ tí mo kọ́ láti ṣa ohun tó wọ́ dànù, mo wá ń fi bẹ Ọlọ́run pé kí nǹkan wọ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ìyẹ́ apá ọ̀kan yí ìdí padà, ó ká sókè. Mo jó. Mi ò jó tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí mi. Díákónẹ́ẹ̀sì nawọ́ sí èkejì tó tẹ́ geere, wọ́n ní ìyẹn ti bọ́, pé ti èyí náà kù díẹ̀.

Ooru oṣù kẹta wá dé. Díákónẹ́ẹ̀sì ní àgíríìkì ogún lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé. Mẹ́jọ kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Aṣa mi ń wẹ erùpẹ̀ nínú oòrùn pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Díákónẹ́ẹ̀sì dúró, wọ́n wò ó títí.

“Kí lẹ ń fún un mu?”

“Omi, Mà.”

“Omi nìkan?”

“Omi nìkan.”

Ọjọ́ kẹta ni wọ́n wá bá mi. Wọ́n ní bó bá tún yé, kí n fún àwọn ní ẹyin mẹ́ta, pé àwọn ò ní fi òróró kàn án. Mo ní ìyá àwọn ọmọ kò tíì fi wọ́n sílẹ̀, pé ohun tó máa yá ni kí wọ́n ra tiwọn, kí n mú un lọ fún akọ ìyá Ọ̀tà. Mo júwe ìsọ̀ obìnrin Toll Gate fún wọn. Wọ́n ní kí n má tíì sọ fún Dádì.

Sátidé, èmi àti lánlọ́ọ̀dù jọ jókòó síwájú ilé nígbà tí ọ̀kadà já wọn sílẹ̀. Ọ̀rá dúdú wà lọ́wọ́ wọn, orí kan tí ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ rí gánnagànna sì yọ síta. Lánlọ́ọ̀dù ní, “Mọ́mì, káàbọ̀.” Wọn kò dáhùn. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Mà.” Wọ́n di ètè pọ̀, ojú wọn le bí òkúta, wọ́n kọjá lára àwa méjèèjì wọlé.

Lánlọ́ọ̀dù yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀.

Mo ní, “Dádì, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ ná. Obìnrin Toll Gate ti bi wọ́n bóyá pupa ni àbí funfun.”