Ẹ̀rín Malsun Nínú Tẹlifíṣàn

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn Malsun àbúrò mi kẹ́yìn, ó ti wà nínú ilẹ̀. Inú tẹlifíṣàn ló ti sọ̀rọ̀. Ìyá wa jókòó tì mí lórí ilẹ̀ yàrá tó gbóná, ìbora wà lórí itan rẹ̀, ó ń já orí ẹ̀wà híhù sínú abọ́ fún ọbẹ̀ ọjọ́ kejì, kò sì mọ̀ pé ọmọ òun ti kú. Malsun ní, "Àígò, mo kú o!" Gbogbo èèyàn inú tẹlifíṣàn bú sẹ́rìn-ín. Ọwọ́ Màmá dúró lórí ẹ̀wà.

Kí n tó sọ ohun tí Màmá sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Malsun jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ kò ní mọ ìdí tí àyà mi fi ń já nígbàkigbà tí ẹnìkan bá tan tẹlifíṣàn nítòsí mi.

Èmi ni mo tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, Malsun sì tẹ̀lé mi. Ọkùnrin ni bàbá wa ń retí. Nígbà tó rí i pé obìnrin ni, ó sọ ọ́ ní Malsun, orúkọ tí à ń fún ọmọbìnrin tí a bá fẹ́ kó jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn àwọn obìnrin, kí ọkùnrin lè máa wọlé bọ̀. Ọkùnrin kankan ò wọlé. Àwọn ọmọ abúlé máa ń fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, Malsun á sì bá wọn rẹ́rìn-ín. "Èmi ni ilẹ̀kùn," ló máa ń sọ. "Èmi ni wọ́n tì mọ́ àwọn tó kù."

Àwa méjèèjì la jọ wá sí Seoul, ọmọge ni wá nígbà náà, a ń rán irun àtọwọ́dá ní ilé iṣẹ́ kan, irun tí wọ́n ń kó lọ fún àwọn obìnrin òkè òkun. Wọn kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nídìí iṣẹ́. Malsun kì í sọ̀rọ̀ lóòótọ́, àmọ́ á gbé irun pupa olówó ńlá kan lé orí, á wò mí bí ìyàwó ìjòyè, ẹ̀rín á sì gba gbogbo ìlà wa kan. Ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń kọ́lé. Ọkùnrin náà já bọ́ láti orí ilé, ó kú, ó fi ọmọbìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀ fún un, Yeonju. Malsun wá ń ta ìbọ̀sẹ̀ lẹ́nu ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ni Olórí-ìlà ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀, tó sì mú àwa méjèèjì.

Olórí-ìlà ni à ń pe obìnrin àdúgbò wa tó máa ń kó àwọn obìnrin lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn láti lọ rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ gidi ni o. Wọ́n ń ṣe eré ẹbí kan níbẹ̀, tó máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Bàbá àgbà kan, àwọn ọmọ rẹ̀, ìyàwó ọmọ, ọmọ-ọmọ, gbogbo wọn wà nínú ilé kan náà, wọ́n sì ń jà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ìyàwó bá kọ̀ láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ọkọ tí wọ́n ti lé níbi iṣẹ́ á máa wọ kóòtù jáde láràárọ̀ kí bàbá rẹ̀ má baà mọ̀. Ohunkóhun tí ìlú bá ń jà lé lórí, wọ́n á gbé e wá sídìí tábìlì oúnjẹ ilé yẹn.

Àwa obìnrin máa ń jókòó sórí àtẹ̀gùn igi nínú òkùnkùn, níbi tí kámẹ́rà kì í dé. Síbẹ̀ Malsun kì í lọ láì kun ètè. Ọkùnrin kan á dúró níwájú wa pẹ̀lú tówẹ̀lì. Bó bá mì ín díẹ̀, ká rẹ́rìn-ín díẹ̀. Bó bá jù ú sókè, ká bú sẹ́rìn-ín. Bó bá fi bo ojú, ká kẹ́dùn. Malsun ló máa ń kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín nínú gbogbo wa. Á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí omi tó ń hó, á gùn, á gùn, lẹ́yìn náà á wá fi "Àígò, mo kú o!" dé e lórí.

Lọ́dọ̀ wa níbí, "àígò" ni "yéè" tiwa, ohun gbogbo ló sì ń pa wá. Ooru mú, mo kú o. Bàtà há, mo kú o. Ọmọ yìí rẹwà, mo kú o. Kò sẹ́ni tó ń ka irú ikú bẹ́ẹ̀ sí ikú. Ọkùnrin onítówẹ̀lì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Bí a bá ti dé, á ní, "Màmá Mo-Kú-O dà? Ẹ fi í sáàárín, lábẹ́ ẹ̀rọ agbóhùn!"

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọbìnrin ilé inú eré náà ló mú ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ wá sílé. Orúkọ ìdílé ọkùnrin náà àti tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan, ìlú tí baba ńlá wọn ti ṣẹ̀ wá sì jẹ́ ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwọn àgbà ka irú wọn sí, wọn kì í gbà kí wọ́n fẹ́ra, ẹ sì mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ń tú ilé ká nígbà náà. Bàbá àgbà dùbúlẹ̀, ó ní òun ò ní jẹun mọ́ láyé òun, ó wá ń jí àkàrà ìrẹsì jẹ lábẹ́ ìbora. Tówẹ̀lì lọ sókè. A bú sẹ́rìn-ín. Malsun gbá àyà rẹ̀ mú, ó ní, "Àígò, mo kú o." Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n."

A tún rẹ́rìn-ín sí i. Ọkùnrin onítówẹ̀lì na àtàǹpàkò sí i pé ó ṣe é dáadáa. Nígbà tí orí rẹ̀ bọ́ sí èjìká mi, mo rò pé ó ṣì ń ṣe eré ni. Ìgbà tí tówẹ̀lì wálẹ̀, tí gbogbo wa dákẹ́, ni mo tó mọ̀ pé dídákẹ́ tirẹ̀ ju tiwa lọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Gwansik ẹ̀gbọ́n wa kó wa jọ sí ilé ìdáná rẹ̀ ní àdúgbò Sinwol-dong. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Màmá ń gbé. Ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ sílẹ̀ kí Màmá má baà gbọ́ wa.

"Ọkàn Màmá ò gba ìpayà," ó ní. "Dókítà ti kìlọ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nínú ilé yìí."

Yeonju, tó máa ń pe ẹ̀gbọ́n wa ní Bàbá, ní, "Títí di ìgbà wo, Bàbá?"

"Títí."

"Títí tí Màmá àgbà náà á fi lọ, tí wọ́n á pàdé màmá mi lọ́hùn-ún, tí màmá mi á wá ní, 'Àwọn èèyàn yìí ò tiẹ̀ sọ fún yín?'"

Hyesuk, ìyàwó Gwansik, ní, "Irọ́ lẹ fẹ́ kí n máa pa o. Èmi tí mo jẹ́ díákónì."

"Díákónì tó sọ fún pásítọ̀ pé ara mi ò yá lọ́jọ́ tí mo lọ pẹja?" ni Gwansik wí.

"Ìyẹn yàtọ̀. Ìtìjú yín ni mo bò mọ́lẹ̀ níbẹ̀."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi ti fẹ́ yà, mo wá rántí ẹni tó máa ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ni mo pa á dé.

A wá sọ fún Màmá pé iṣẹ́ ti pọ̀ fún Malsun, pé ibi iṣẹ́ ni wọ́n ń sùn. Màmá wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan. "Irú ẹ̀rín wo ni wọ́n ń rín tí èèyàn ò lè wálé?" Àmọ́ ó gbà. Ìdí tó fi gbà ni pé ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Eré tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ pọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n ń gbé e jáde. Malsun á rẹ́rìn-ín, Màmá á fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Ọmọ mi nìyẹn. Ara rẹ̀ le."

Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí lójoojúmọ́. Èmi nìkan ló wà lórí àtẹ̀gùn yẹn nínú ẹbí wa. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ọ̀kan ń bọ̀ nínú àwọn Ọjọ́bọ̀ yìí tí kì í ṣe ẹ̀rín. Mo bẹ Olórí-ìlà pé kó bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yọ ohùn àbúrò mi kúrò. Ó lọ, ó sì padà wá pẹ̀lú agbọ̀n èso tí wọ́n fi kẹ́dùn. Wọ́n ní kò ṣeé yọ. Wọ́n ní ẹ̀rín gbogbo wa ti wọra bí iyọ̀ ṣe ń wọ ọbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo gbójú lé. Orí Sinwol-dong ni bàálù ń gbà lọ sí pápákọ̀. Bó bá ń kọjá, fèrèsé á gbọ̀n, o ò ní gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ. Bí mo bá jókòó síwájú tẹlifíṣàn yẹn báyìí, bàálù ni mò ń gbàdúrà fún.

Yeonju ní tirẹ̀ ń lẹ ọ̀já funfun kékeré mọ́ irun fún ìyá rẹ̀, bí gbogbo ọmọbìnrin tó ń ṣọ̀fọ̀ ṣe ń ṣe. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà Gwansik, á yọ ọ́ sínú àpò. Mo máa ń rí ọwọ́ rẹ̀ nínú àpò náà ní gbogbo ìgbà tó bá wà nínú ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n fi ọ̀dọ́mọkùnrin tí ọmọbìnrin inú eré náà mú wá sílé hàn lẹ́nu ilẹ̀kùn kí wọ́n tó parí, mo sì mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ kejì dé, mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ sí ilé ìwẹ̀. N ó bá yín ha ẹ̀yìn."

"Ní Ọjọ́bọ̀? Ṣé orí ẹ pé?"

Mo yọ wáyà tẹlifíṣàn kúrò lára ògiri. Gwansik fi í bọ ibẹ̀ padà, ó ń bú àwọn eku pé àwọn ló fà á yọ.

Eré bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó sọ orúkọ rẹ̀. Gwansik fọwọ́ gbá itan. "Ó tán! Bàbá yẹn ò jẹ̀bi o. Ẹ̀jẹ̀ kan náà!"

Yeonju ní, "Ẹ̀jẹ̀ wo, Bàbá? Baba ńlá tó bí wọn ti kú láti ayébáyé. Àwọn tó ń jẹ́ Kim láti Gimhae bíi tiwọn kún ìlú yìí bí iyanrìn. Ṣé kí wọ́n máa lọ fẹ́ ẹja ni?"

"Gbọ́ ẹnu ẹ! Bó o bá mú irú ẹ̀ wá síbí, èmi náà á dùbúlẹ̀."

"Hyesuk á wá gbé àkàrà pamọ́ sábẹ́ ìbora rẹ," ni Màmá wí. "Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín ọmọ mi."

Bàbá àgbà dùbúlẹ̀. Bàálù kan bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókèèrè, ó ń bọ̀, fèrèsé gbọ̀n, ara mi sì tù. Ó yá jù. Ó ti kọjá lọ kí bàbá àgbà tó na ọwọ́ sí àkàrà. Yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo rí tówẹ̀lì náà lójú inú mi, mo rí i tó ń lọ sókè.

"Àígò, mo kú o. Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀rín bo gbogbo rẹ̀. Tèmi wà nínú ẹ̀rín náà, mo gbọ́ ọ.

Màmá gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. "Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rín," ó ní.

"Ẹ̀rín ni, Màmá," ni Gwansik wí.

"Èmi ni mo bí i. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, èémí á máa jáde. Èyí ń wọlé." Ó yí sí mi, ojú rẹ̀ ti funfun. "Ó pe ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ló ń pè, Bunrye. Ó ń pè ọ́, o sì jókòó tì mí níbí?"

Hyesuk di ojú, ó ń mi ètè.

"Má gbàdúrà! Gbé fóònù fún Bunrye!" ni Màmá pariwo mọ́ ọn.

Yeonju dìde. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà nínú àpò. Gwansik wò ó, ó mi orí fún un, bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Mo gba fóònù, mo tẹ nọ́ńbà ilé Malsun. Mo mọ̀ bí yàrá yẹn ṣe rí. Mo mọ orí àpótí tí fóònù náà ti ń dún, àti àpò ìbọ̀sẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó dún, ó dún. Ẹ̀rù ń bà mí pé kò ní gbé e. Bí ó sì ti ń pẹ́, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí pé ó lè gbé e.

"Kò gbé e, Màmá. Ó ní láti jẹ́ pé ó wà níbi iṣẹ́."

"Àyà ló ń dùn ún. Àyà ló pa bàbá yín."

Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó dìde. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ran òun lọ́wọ́. Ó gé èso píà, ó da atalẹ̀ sí i, ó da gbòǹgbò tí a fi ń wo ikọ́ àti àyà sí i, ó sè é títí gbogbo ilé fi ń ta òórùn, ó po oyin mọ́ ọn, ó dà á sínú ìgò, ó sì fi aṣọ dì í ní kókó méjì. "Gbé e lọ fún un kó tó tutù. Jókòó tì í títí á fi mu ún tán. Ọmọ yẹn á máa ṣàwàdà, má dá a lóhùn."

Èmi àti Yeonju la jọ jáde. Lẹ́nu ọ̀nà, ó yọ ọ̀já funfun rẹ̀ jáde, ó lẹ̀ ẹ́ padà mọ́ irun.

"Àǹtí, ẹ ò bá ti sọ fún wọn."

"Ẹ̀rù bà mí."

"Ó bà mí náà. Mo rò pé wọ́n á ṣubú níbẹ̀."

Bàálù kan kọjá lórí wa, a sì dúró títí ó fi lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, Màmá kì í wo eré náà mọ́. Láràárọ̀ ló ń pè mí lórí fóònù. "Ṣé ó mu ún?" Mo ní ó mu ún. "Ṣé àyà náà rọlẹ̀?" Mo ní ó ti ń rọlẹ̀. Ó ní kí n dá ìgò padà, òun fẹ́ se òmíràn sí i.

Ìgò náà wà lórí pẹpẹ ilé ìdáná mi, ó ṣì kún, kókó méjèèjì ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. A kò tíì sọ fún Màmá.