Àkàbà Bàbá Clarrie

Ní àdúgbò wa ní Ballarat, gbogbo Sátidé ni Bàbá Clarrie máa ń gun àkàbà gé igi ọgbà tó wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Noelene. Bí orí rẹ̀ bá ti yọ lókè ewé, Noelene á na tíì sí i, àwàdà á bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, àkàbà yẹ̀, díẹ̀ ló kù kí bàbá já bọ́. Noelene gba ìsọ̀ irinṣẹ́ lọ. Ọlọ́jà ní kó ra àkàbà tó dúró dáadáa, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Ta ló fẹ́ gun àkàbà? Ẹ fún mi ní ẹ̀rọ tó ní ọ̀pá gígùn, tí mo lè fi gé orí igi láti ilẹ̀."

Ó gé tirẹ̀, ó gé ti bàbá mọ́ ọn. Níbí, ahun ló ń gé ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Láti ìgbà náà, Noelene ò rí orí bàbá mọ́. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀, ó gbé tíì, ó lọ kan ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ṣé kò sí o?"

"Kò sí. Mo rò pé ọ̀rọ̀ mi ló sú ọ."

"Èmi kẹ̀? Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ ṣubú ni! Iṣẹ́ igi yẹn ti pọ̀ jù fún yín."

Bàbá gba tíì, kò mu ún.

"Noelene, igi wo ló ń yára hù tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n á fi máa gé e ní gbogbo Sátidé?"