Ìránṣẹ́ Tí Kò Sọ̀rọ̀ nínú Sinimá

Sinimá kábòì kò wù mí rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń mú mi lọ, òun ló sì ń yan èyí tí a ó wò, ìdí nìyẹn tí mo fi wo púpọ̀ nínú wọn. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kì í dáko, wọn kì í tajà, n kò sì rí ẹni tó gbé ìkòkò kaná fún wọn rí. Ẹṣin ni wọ́n ń gùn kiri láti òwúrọ̀ dalẹ́, ìbọn ni wọ́n ń yìn. Ti Íńdíà ni mo fẹ́ràn. A kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ẹkún ìyá tí wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀? Ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí mi nínú nínú tiwọn ni pé wọ́n ń tètè dárí ji ènìyàn. Ẹni tó dáná sun ilé ọmọnìkejì rẹ̀, bó bá ti sunkún díẹ̀, tí wọ́n bá ti kọrin, ó parí.

Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí náà ni mo ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà náà, kí òmìnira tó dé, nígbà tí mo jẹ́ tíṣà kékeré nílé ìwé ìjọ kan ní Kúdẹtì, tí agbo ilé wa sì wà ní Àrẹ̀mọ.

Káfíńtà kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bẹẹrẹ máa ń wá sílé wa nítorí mi. Bàbá mi, tí í ṣe olùkọ́ ìjọ, gbà kó máa wá lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin gbọ́dọ̀ máa jókòó tì wá. Ẹní ni ìyá yìí ń tà ní Ọjà'ba, ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé. Ó máa ń tẹ́ ọ̀kan nínú ẹní rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó máa ń ṣa ẹ̀wà, kì í sì í gbójú sókè. Kí ni ọkùnrin àti obìnrin lè bá ara wọn sọ níwájú irú àgbà bẹ́ẹ̀? Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò ṣeé sọ. Ọ̀rọ̀ òjò àti oòrùn kì í pẹ́ tán. Sinimá ló gbà wá.

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá, èmi ni mo bi í bóyá ó lọ sí sinimá ọjọ́ Sátidé. Ó ní òun gbádùn rẹ̀. Mo mọ̀ pé Aládùúrà ni, ṣùgbọ́n Aládùúrà pọ̀ nínú ilé sinimá nígbà náà. Wọ́n kàn máa ń bọ́ aṣọ funfun sílé ni. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ Àìkú tí a kì í jiyàn.

Ó mọ sinimá í sọ. Ó ní ó ti rẹ ẹṣin ọ̀daràn kan kó tó dé odò, pé bí àwọn tó ń lé e bá ní sùúrù, wọn ì bá mú un láìyìnbọn. Ó ní ọmọbìnrin tó ń kọrin nínú ti Íńdíà kọ́ ló ni ohùn orin náà, pé ẹlòmíràn ló ń kọ ọ́ fún un. Mo ní irọ́ ni, mo fojú mi rí ẹnu rẹ̀ tó ń ṣí. Ìyá ẹlẹ́ní, tí kò dé ilé sinimá rí, gbè mí lẹ́yìn. Bí ẹjọ́ ilé ni ìyá yìí ṣe máa ń dá ọ̀rọ̀ sinimá. Ó máa ń béèrè pé, "Níbo ni ẹbí wọn wà tí wọ́n fi ń jà tó báyìí?" Ó máa ń béèrè pẹ̀lú pé, "Kí ni ìyàwó wọ̀?" Èyí nìkan ni káfíńtà kì í lè dáhùn. "Aṣọ tó dáa ni, Màmá," ni yóò wí, yóò sì yí ọ̀rọ̀ padà.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí àwọn ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi, bàbá mi pè mí. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹnu mi làwọn ń dúró dè. Bí mo bá ní mo fẹ́, àwọn á gbà wọ́n. Bí mo bá ní rárá, àwọn á ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n má wulẹ̀ wá. N kò ro rárá sọ́kàn. Inú mi dùn.

Sinimá Sátidé ọ̀sẹ̀ náà ló bà á jẹ́. Ti Íńdíà ni. Nínú rẹ̀, ìránṣẹ́ kan wà nílé olówó, ó yadi, kò sọ ọ̀rọ̀ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn ọmọ olówó méjì ń bára wọn jà lórí ogún, òjò dé, omi ya wọlé, olúkúlùkù sá, wọ́n gbàgbé ìkókó sínú yàrá. Ìránṣẹ́ yìí padà wọnú omi, ó gbé ọmọ náà sókè orí rẹ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó gbé e fún ìyá àgbà tó dúró lórí àtẹ̀gùn, nígbà tí omi sì fà, ó lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà bó ṣe ń jókòó tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ìta tó máa ń hó nínú ilé sinimá pàápàá dákẹ́ rọ́rọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, káfíńtà sọ ti ìjà, ó sọ ti òjò, ó sọ bí ìyá ọmọ ṣe pariwo.

"Ìyá yẹn ló gbìyànjú jù," ló wí. "Òun ló padà lọ gbé ọmọ ẹ̀."

"Ìyá kẹ̀? Ìránṣẹ́ ńkọ́?"

"Ìránṣẹ́ wo?"

Ọwọ́ ìyá ẹlẹ́ní dúró lórí ẹ̀wà. Mo dáhùn pé ìránṣẹ́ tó yadi ni. Káfíńtà wolẹ̀, ó ní bóyá òun ti gbàgbé. Ẹni tó bá rí ọkùnrin yẹn nínú omi kò lè gbàgbé rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi lọ.

Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá ń purọ́ á jalè. Ẹni tó fi sinimá lásán purọ́ fún mi láti oṣù mélòó kan wá, kí ni yóò sọ fún mi lọ́jọ́ tí nǹkan bá le? Mo sọ fún ìyá ẹlẹ́ní pé n kò fẹ́ ẹ mọ́.

"O ò tíì bi í," ló wí. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà."

Mo ní n kò ní bi í ní nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí nígbà náà, mo sì tún rí bẹ́ẹ̀ díẹ̀ títí di òní.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, èrò pọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá. Ògiri ló yí ibẹ̀ ká, kò ní òrùlé. Fíìmù kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi hàn ti bẹ̀rẹ̀ nínú. Ẹ̀gbọ́n mi ń du tíkẹ́ẹ̀tì, èmi yí sẹ́yìn ògiri láti ra ẹ̀pà sísè. Ibẹ̀ ni mo ti rí káfíńtà mi. Orí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ ló jókòó lé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dijú. Àwọn tó wà nínú bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

"Oníbàárà mi nìyẹn," ni ẹlẹ́pà wí. "Gbogbo Sátidé ló máa ń wà níbẹ̀."

Mo lọ bá a. Mo ní, "Ẹ kú ìjókòó." Ó fò dìde.

"Kí ló dé tí ẹ ò wọlé?"

Ó ní, "Mo ṣàìsàn kan tí wọ́n ti ń sunkún mi. Mo ṣèlérí níwájú ìjọ pé tára mi bá yá, mi ò ní fojú mi wo sinimá mọ́, torí kò sóhun tí mo fẹ́ràn tó o nígbà yẹn. Ara mi sì yá."

"Etí yín ńkọ́?"

"Mi ò mẹ́nu ba etí."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo bá fajú ro. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi.

"Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá, ìwọ lo bi mí. Màmá jókòó síwájú wa. Tí mo bá ní mi ò wò ó, kí là bá tún sọ? Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, mi ò wá mọ bí mo ṣe máa yọ ẹsẹ̀." Ó wò mí lójú. "Ìránṣẹ́ yẹn, kí ló ṣe?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ bí omi ṣe mù ún dé ọrùn, bó ṣe lọ jókòó láìwo ẹnikẹ́ni lójú. Àwọn tó wà nínú tún ń rẹ́rìn-ín, kò yíjú síbẹ̀.

"Ìgbà tí gbogbo ilé dákẹ́ yẹn," ló wí, "mo rò pé ẹ̀rọ wọn ló bàjẹ́ ni. Mo ń bú wọn níta níhìn-ín." Ó tún béèrè pé, "Ta ló rí ohun tó ṣe?"

"Ìyá àgbà nìkan."

Ó mi orí. Mo rí i pé ó ń dùn ún bí ẹni pé òun àti ìránṣẹ́ náà jọ mọra. N kò sọ fún un pé mo ti dárí jì í, nítorí n kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, mo sì wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, níbi tí ìyá ẹlẹ́ní ti ń ká ẹní tó sùn lé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un. N kò rò pé ohun tí yóò béèrè nìyí.

"Nígbà tí o ń sọ ti ìránṣẹ́ yẹn fún un, kí lòun ń ṣe?"

"Ó ń gbọ́, Màmá."

"Kò já lu ọ̀rọ̀ ẹ?"

"Rárá."

"Kò ní òun ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀?"

"Rárá, Màmá. Ó tún ń bi mí sí i ni."

Ìyá ẹlẹ́ní di ẹní náà, ó gbé e ti ògiri, kò kọjú sí mi.

"Ọkọ tí mo fi sílẹ̀," ló wí, "ojú ẹ̀ méjèèjì ń ríran. Gbogbo ọdún tí mo lò nílé ẹ̀, kò fìgbà kan jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí tán."

Bàbá mi ń wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Mo kan ilẹ̀kùn yàrá wọn, mo sì sọ fún wọn pé kí àwọn ẹbí káfíńtà máa bọ̀.