Oríkì Tí Mo Kọ fún Òrìṣà Inú Eré

Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo sọ òrìṣà kan lórúkọ ní ìlú Calgary, lókè òkun. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì wá ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ní àdúgbò Skyview Ranch, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú ti máa ń kọjá lórí òrùlé bí ẹni pé ó fẹ́ yà kí wa. Àwọn ọdún tí owó epo rọ̀bì já lulẹ̀ ni. Ẹnjiníà ni ọmọ mi ní ilé-iṣẹ́ epo kan. Lọ́jọ́ kan wọ́n pè é sí yàrá ìpàdé láàárọ̀, nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ó ti gbé páálí kan wọlé. Fọ́tò ọmọ rẹ̀ àti kọ́ọ̀pù tó fi ń mu kọfí ló wà nínú rẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ó ṣì ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì láràárọ̀ bí ẹni ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń kọ lẹ́tà lọ síbi gbogbo. Nígbà tó yá, kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì mọ́. Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ pẹ̀lú, nítorí gbogbo ẹni tó bá pàdé níbẹ̀ ló ń bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, any news?” Inú basement, yàrá abẹ́ ilé, ló ń gbé. Wákàtí kan péré ló máa ń sọ̀rọ̀ lójúmọ́: bí ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bá ti lọ sí shift, tí ọmọ wọn sì ti lọ sí ilé ìwé, á gòkè wá bá mi mu tíì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó di kọ́ọ̀pù rẹ̀ mú, kò mu ún, ó ní, “Màámi, mo wà láàyè ni o, ṣùgbọ́n n kò wúlò.”

Mo ní, “Má sọ bẹ́ẹ̀. Sọ pé o kò tíì ríṣẹ́.” Mo sì fún un ní búrẹ́dì. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi tún gbólóhùn ọmọ ọlọ́mọ ṣe. Mo tún ti ọmọ tèmi náà ṣe, mo sì rò pé mo ti ran án lọ́wọ́.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni ọmọ rẹ̀ obìnrin nígbà náà. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ní eré kan tí wọ́n ń jókòó ṣe nídìí tábìlì: ẹnì kan á máa sọ ìtàn, àwọn yòókù á máa sọ ohun tí wọ́n bá ṣe nínú rẹ̀, wọn á sì da ọmọ lúdò kan tí ojú rẹ̀ pọ̀ ju mẹ́fà lọ. Ọmọ-ọmọ mi ló dá gbogbo ayé inú eré náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó sáré wọlé tọ̀ mí wá.

“Grandma, I need a name for an evil god. Something Yoruba. Something scary.”

“Kí mi ná.”

“Ẹ káàsán, Grandma. So, the name?”

Ó ti rí orúkọ òrìṣà kan lórí fóònù rẹ̀. Mo ní rárá. Kristẹni ni mí, ṣùgbọ́n ohun tí ẹlòmíràn ń kúnlẹ̀ fún, a kì í fi í ṣe ẹni ibi nínú eré tiwa. Mo ní a ó dá tiwa sọ. Mo bi í pé kí ni òrìṣà náà ń ṣe. Ó ní inú igbó ló ń gbé, kì í pa èèyàn. “He just makes you sit there, Grandma. Till moss grows on you.”

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe kọ́ àwọn ọmọ mi. Mo wo ilé. Mo sọ òrìṣà náà ní Agbaṣẹ́lọ́wọ́ẹni. Bí mo sì ti mọ̀ pé orúkọ láìsí oríkì kò tíì parí, mo mú bírò, mo kọ ọ́ sínú ìwé ọmọ náà, mo fi gbogbo àmì ohùn sí i:

Agbaṣẹ́lọ́wọ́ẹni, ọba igbó tí kò ní ewé,
Ó wọlé ọkùnrin, ó gba àga rẹ̀ jókòó,
Ó jẹ́ kó wà láàyè, kò jẹ́ kó wúlò.

Kí n má purọ́, inú mi dùn. Ó pẹ́ tí mo ti kọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọmọ náà bí yóò ṣe kà á.

Ní ọ̀sán Saturday, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Agba-what?” Ọmọ-ọmọ mi dá a lóhùn pé, “Say it properly, or he gets you first.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó ki òrìṣà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò ṣi ohùn kan pè. Bàbá rẹ̀ ti gòkè wá bu omi. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn pẹ̀lú ife lọ́wọ́.

“Ta ló kọ́ ẹ?”

“Grandma! Isn't it cool, Dad?”

Ó yíjú sí mi. Kò pariwo. “Màámi, ẹ̀yin nìkan ni mo sọ ọ́ fún.”

Mo ní, “Eré ọmọdé lásán ni.”

Ó ní, “Màámi, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ilé là á wò.” Ó gbé omi rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, fífọ́ ló ń fọ́. Ní àárọ̀ Monday mo po tíì méjì, kò wá. Ní Tuesday kò wá. Ní ọjọ́ kẹta mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn basement, mo sì bẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó ní, “Kò sóhun tí ẹ ṣe, Màámi.” Ì bá sàn fún mi ká ní ó bínú, torí ẹni tó ń bínú ṣì ń bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ọjọ́ físà mi pé, mo padà sílé nílẹ̀ Yorùbá, a kò sì tún jókòó nídìí tíì kan pọ̀ mọ́.

Ó ti pẹ́ báyìí. Ọmọ mi ti ríṣẹ́. Ọmọ-ọmọ mi ti wọ yunifásítì, bóyá ló tilẹ̀ rántí eré náà. Gbogbo ọjọ́ Sunday ni bàbá rẹ̀ ń pè mí, kò yẹ̀ ẹ́ rí. “A dúpẹ́, Màámi. Gbogbo wa wà.” Mo máa ń bi í pé, “Inú rẹ ńkọ́?” Á ní, “Dáadáa ni, Màámi.” Bí mo bá jẹ́ àjèjì tí a jọ wọ train, ohun tí ì bá sọ fún mi náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n. Bí ọmọ yín bá sọ ìbànújẹ́ rẹ̀ fún yín, ẹ má tún un ṣe, ẹ má sì sọ ọ́ di ohun tó dùn-ún gbọ́. Ẹ jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ tán.