Orúnkún Ràímì àti Rẹ́kọ́ọ̀dù Agídìgbo

Láyé ìgbà tí àwọn Faransé ṣì ń gba owó orí ní ìlú Bouaké, kò sí ẹni tó mọ ìjókòó í jókòó bí Ràímì ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àárọ̀ ni yóò fìdí kalẹ̀ ní ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ nínú ọjà ńlá, ìrọ̀lẹ́ ni yóò dìde. Bí oníbàárà bá béèrè aṣọ, ọ̀pá ni yóò fi fà á fún un. Bí aṣọ náà bá wà lókè jù, yóò ní kò dára, kí wọ́n ra ti ìsàlẹ̀. Àwọn Júlà ará ìlú náà, tí wọ́n ń pe Yorùbá ní Anago, a máa sọ pé olówó ni Anago yìí, ikùn rẹ̀ náà kò sì jiyàn.

Ọ̀rọ̀ ikùn ì bá má di ariwo bí kì í bá ṣe ti oyè. Bàbá Àdínì àwọn Yorùbá tó wà ní àdúgbò Dar-es-Salam ṣaláìsí, wọ́n sì ní Ràímì ni àwọn yóò wé láwàní fún, nítorí òun ló ra gbogbo ẹní mọ́sáláṣí. Àṣà wọn ni pé ẹni tí yóò joyè á kọ́kọ́ dá kí rákáà méjì níwájú ìjọ. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí Ràímì bá ti forí kanlẹ̀, ẹni ọ̀tún àti ẹni òsì ní í bá a gbé ara rẹ̀ dìde. Yísà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára oyè náà, bẹ̀rẹ̀ sí í kí i lójoojúmọ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú orúnkún.” Irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ti ìfẹ́.

Àlùfáà Jàfárù tó ń ṣáájú wọn kírun pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ràímì, lọ máa na ara. Bí o kò bá lè dá dìde níwájú Ọlọ́run, mi ò lè wé ọ láwàní. Bóṣù yìí bá ti tán, ojú gbogbo wa ni yóò ṣe.”

Ràímì ronú. Ó ti rí àwọn ọmọ ogun Faransé rí, tí wọ́n ń fò sókè láàárọ̀ bí ẹnì kan ti ń fọn fèrè sí wọn. Ẹlòmíràn á rò pé àwọn ọmọ ogun ló ń fò. Ràímì, tí Ọlọ́run fún ní ọgbọ́n tirẹ̀ lọ́tọ̀, rí i pé fèrè ló ń gbé wọn. Ó lọ ra giramafóònù àti rẹ́kọ́ọ̀dù agídìgbo kan.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti kírun àárọ̀ tán nílé wọn ní àdúgbò Dougouba, orin bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ náà kò lè kọrin láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ yí i, Àtọ́kẹ́ ìyàwó rẹ̀ ló sì ń yí i.

“Bàbá Sìdíkátù, ẹ ò ṣe máa yí i fúnra yín? Yíyí pàápàá, ara nínà ni.”

“Ṣé o fẹ́ kó ti rẹ̀ mí kí n tó bẹ̀rẹ̀ ni?”

Ràímì á forí kanlẹ̀ lórí ẹní, á máa dúró de orin. Agídìgbo á kọ́kọ́ máa kùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Bí àwọn ẹlẹ́gbè bá ti bọ́ sí àtẹ́wọ́, á tiraka dìde, èjìká rẹ̀ á sì mì lẹ́ẹ̀mejì, nítorí orin náà dùn. Kí oṣù tó tán, ó ń dìde fùyẹ́. Apá Àtọ́kẹ́ náà sì ti le bí apá agúnyán.

“Ẹ dán an wò láìsí orin,” ni Àtọ́kẹ́ wí. “Mọ́sáláṣí ò ní giramafóònù.”

“Mo ń dìde àbí n ò dìde?”

Ọjọ́ pé. Ràímì dúró níwájú ìjọ nínú agbádá tuntun, ó tẹ̀ ba, ó forí kanlẹ̀. Nígbà tó yẹ kó dìde, kò gbọ́ nǹkan kan. Orúnkún rẹ̀ ń retí agídìgbo. Ẹ̀rù bà á gan-an. Ó pàṣẹ fún ara rẹ̀, ara kò dá a lóhùn. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé “Subuhánàllá,” bí wọ́n ti í ṣe fún ẹni tó bá ṣàṣìṣe lórí ìrun. Ti Yísà ló ròkè jù.

Ní ti obìnrin, àtẹ́wọ́ ni ẹ̀sìn ní kí wọ́n fi ṣe irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe Àtọ́kẹ́ níbi tó wà lẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ọwọ́ tó ti ń gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan náà láràárọ̀ kò mọ àtẹ́wọ́ mìíràn.

Ràímì dìde wuuru. Ìjọ mí kanlẹ̀. Ó kọjú sí kíbílà, èjìká ọ̀tún mì, tòsì mì, ìdí sì gba èyí tó kù.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Àlùfáà Jàfárù gbé láwàní, ó wo ọ̀dọ̀ Yísà. Yísà ti tẹrí ba sílẹ̀ dè é.

Ìtìjú wọ Ràímì dé ọ̀rá eegun. Ó mú bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbá agbádá mọ́ra, ó sì sáré láti Dar-es-Salam dé Dougouba láìdúró, láìsí orin kankan.