Táìmù Ìyá Mi àti Omi Inú Bútà

Mo rántí ìgbà tí inú máa ń bí mi láràárọ̀ kí n tó fọ ẹnu, tí mo sì tún máa ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ nínú ìbínú náà. Ìyàwó tuntun ni mí ní Sabon Gari ní Kánò, nínú ilé tí yàrá ti kọjú sí yàrá. Ìkòkò òdòdó kan ni mo gbé wá síbẹ̀ láti Jọ́ọ̀sì. Táìmù ló wà nínú rẹ̀, ewé tíntìntín tí à ń fi sí ìrẹsì àti ọbẹ̀ ata, tí ọ̀pọ̀ wa mọ̀ ní gbígbẹ nínú ọ̀rá nìkan. Ìyá mi ló gbìn ín. Ìyá mi ti kú, wọ́n ti ta ilé rẹ̀, ẹni tó rà á sì ti da kọnkéré lé ọgbà. Gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ọgbà yẹn wà nínú ìkòkò mi.

Ìyá mi ti kìlọ̀ fún mi kó tó lọ pé táìmù dà bí ọmọ, àkẹ́jù ní í bà á jẹ́. Yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ ló fẹ́, pẹ̀lú oòrùn, kí òùngbẹ sì gbẹ ẹ́ dáadáa kó tó mu. Kánò gbà á. Oòrùn wa kì í ṣahun, ọyẹ́ wa kì í sì í mú débi tí omi yóò fi dì lórí ewé. Láàárín oṣù mẹ́ta, ó ti ń ya dà sétí ìkòkò, bí aṣọ mi bá sì kàn án, òórùn ìdáná ìyá mi á gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyá Onílé ni kò jẹ́ kó gbádùn. Àlhájà ni, ọmọ Ọ̀fà tí wọ́n bí sí Kánò, aláàánú èèyàn. Àánú náà gan-an ni wàhálà. Ọwọ́ mai ruwa tó ń ti kẹ̀kẹ́ omi kiri la ti ń ra omi, nítorí náà ẹni tó bá fún ewé rẹ lómi fẹ́ràn rẹ ni. Bí ó bá ṣe àlùwàlá òwúrọ̀ tán, ìyókù omi inú bútà rẹ̀ di ti táìmù mi.

“Ìyàwó, ina kwana? Mo ti fún ewé ẹ lómi o. Haba! Ṣé òùngbẹ lo fẹ́ fi pa á ni?”

Èmi náà á kúnlẹ̀. “Ẹ ṣé mà. Omi ò ní gbẹ lọ́dọ̀ yín o.”

Ẹ gbọ́ àdúrà òmùgọ̀! Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá dúpẹ́ oore àná, á rí òmíràn gbà. Mo dúpẹ́, mo sì ń rí òmíràn gbà lójoojúmọ́. Mo gbé ìkòkò náà pamọ́ sẹ́yìn ilé, ó wá a rí, ó ní mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ó bá mi gbé e padà. Mo tún dúpẹ́.

Nígbà tí òjò dé, tí omi òjò kún ti bútà, ìdí táìmù náà dúdú, ewé ń já bọ́. Mo fà á tu. Gbòǹgbò ti jẹrà, ó ń rùn bí àkísà tí a gbàgbé sínú omi. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ìyá mi lákọ̀tun, inú sì ń bí mi.

Ìyá Onílé jáde pẹ̀lú bútà lọ́wọ́. Lọ́jọ́ náà, mi ò kúnlẹ̀.

“Mà, omi yín ló pa á. Kì í fẹ́ omi púpọ̀. Ìyá mi tó kú ló gbìn ín, kò sì sí òmíràn.”

Ó rọra gbé bútà sílẹ̀. “Subhanallahi! Omi ló pa á? Ìyàwó, kí lo wá ń dúpẹ́ fún láti ọjọ́ yìí?”

Mo kó gbòǹgbò jíjẹrà náà padà sínú ìkòkò.

Mo ní táìmù mìíràn lórí ògiri báyìí, irúgbìn tí mo rà ni, nínú yanrìn gbígbẹ, ó sì ń ṣe dáadáa. Kì í ṣe ti ìyá mi. Ìyá Onílé ti darúgbó, ó sì máa ń bi mí léèrè kó tó fọwọ́ kan ewé kan nínú ilé tirẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti dárí jì í. Ìyàwó tuntun tó ń kúnlẹ̀ yẹn, èmi ìgbà náà, tó mọ òótọ́ tó sì ń ṣàdúrà kí omi má gbẹ, òun ni inú ṣì ń bí mi sí.